Ìlà Kan Láti Chicago: Ìtàn Àyẹ̀wò Prostate fún Ẹni tó ń Gba Testosterone

Ìròyìn ìṣègùn kan jáde ní ọdún 1941 láti Yunifásítì Chicago lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, ọkùnrin aláìsàn kan wà tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe. Ìtàn kò fi orúkọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹ́kù nípa rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ lórí bébà, ìlà tó ń gòkè tó sì ń sọ̀. Síbẹ̀, fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ lára ìlà yẹn wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń pinnu ẹni tí wọn yóò fún ní oògùn kan àti ẹni tí wọn yóò fi dù.

Àwọn tó gbé ìdíje yìí kalẹ̀ ní kí a kọ ìtàn ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tó wa lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á kọ nípa ogun Kírìjì àti nípa bí ọkọ̀ ojú irin ṣe dé ilẹ̀ wa, wọ́n á sì kọ ọ́ dáadáa. Èmi yan ìlà Chicago yìí nítorí pé ó wọ inú ilé wa. Màá sọ bó ṣe wọlé nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú agbo ẹran wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí mọ̀ pé òbúkọ kì í gbé jẹ́ẹ́: a máa jà, a máa rùn, a máa lé abo kiri gbogbo àdúgbò. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Òdá á sanra, òórùn rẹ̀ á dínkù, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ nídìí oúnjẹ. Àwọn baba ńlá wa kò ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà nínú kóró ẹpọ̀n tí agbára rẹ̀ dé gbogbo ara. Ohun náà ni àwọn onímọ̀ wá ń pè ní testosterone lónìí. Họ́mọ́ọ̀nù ni, ìyẹn ni pé ibì kan nínú ara ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ jíṣẹ́ níbòmíràn.

Ọ̀kan lára ibi tó ti ń jíṣẹ́ ni prostate. Ẹ̀yà ara kékeré ni, tí kò tóbi ju awùsá kan lọ nígbà tí ọkùnrin ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ló wà, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Òun ló ń ṣe díẹ̀ lára omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Bí ọkùnrin bá ṣe ń dàgbà ni prostate ń wú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàbá àgbà fi ń dìde lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wíwú lásán yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ. Ẹni tí prostate rẹ̀ wú lè má ní jẹjẹrẹ rárá, ẹni tó sì ní jẹjẹrẹ lè máa tọ̀ geerege láìfura.

Ní ọdún 1786, John Hunter, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé prostate àwọn ẹran tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kéré, kò sì ní omi tó bó ṣe yẹ. Ní ọdún 1849, Arnold Berthold ní Jámánì yọ kóró ẹpọ̀n àwọn àkùkọ kan. Ògbe wọn rọ, wọn kò kọ mọ́, wọn kò sì bá ara wọn jà. Nígbà tó fi kóró náà sínú ikùn àwọn kan lára wọn, níbi tí kò ti so mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún di akọ padà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ náà kiri.

Charles Brown-Séquard ni èmi fẹ́ràn jù nínú àwọn àgbà wọ̀nyí, nítorí pé ara òun fúnra rẹ̀ ló fi dán tirẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1889, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 72, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Paris, ó ní òun ti gún omi tí òun fún lára kóró ẹpọ̀n ajá àti ti ẹran kékeré mìíràn sí ara òun, agbára òun sì ti padà, débi pé òun tún ń sáré gun àtẹ̀gùn. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn sáré lọ wá tiwọn rà. A ti wá mọ̀ báyìí pé testosterone kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, nítorí náà èyí tó wà nínú omi bàbá yìí kò lè tó nǹkan. Ìgbàgbọ́ ló gbé e gun àtẹ̀gùn.

Ní àsìkò yẹn kan náà, dókítà kan ní Philadelphia tó ń jẹ́ William White ń yọ kóró ẹpọ̀n àwọn ọkùnrin tí prostate wọn ti wú débi pé ìtọ̀ kò jáde mọ́. Ní ọdún 1895, ó kó ìròyìn 111 irú wọn jọ. Nínú èyí tó pọ̀ jù, prostate náà sún kì. Ìwòsàn tó le ni, ọ̀pọ̀ ló sì bá a lọ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí Hunter rí lára ẹran rí bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn.

Wíwá testosterone fúnra rẹ̀ gba sùúrù. Ní ọdún 1931, Adolf Butenandt ní Jámánì lo nǹkan bíi 15,000 lítà ìtọ̀ àwọn ọlọ́pàá Berlin kó tó rí mílígíráàmù 15 èròjà kan tó jẹ́ ìbátan testosterone. (Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń gba ìtọ̀ náà jọ?) Ní ọdún 1935, àwọn ọmọlẹ́yìn Ernst Laqueur ní Amsterdam rí testosterone gan-an: mílígíráàmù 10 péré láti inú 100 kílò kóró ẹpọ̀n akọ màlúù. Lọ́dún yẹn kan náà, Butenandt àti Leopold Ruzicka, kálukú láàyè tirẹ̀, rí ọ̀nà láti fọwọ́ ṣe é nínú ilé àyẹ̀wò. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1939, àmọ́ ìjọba Hitler kò jẹ́ kí Butenandt gba tirẹ̀. Kò pẹ́ tí testosterone fi di ohun tí wọ́n ń tà.

Báyìí a ti dé Chicago.

Charles Huggins, ọmọ Kánádà, ni olórí iṣẹ́ náà, Clarence Hodges sì ni ẹnìkejì rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin tí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ prostate sábà máa ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí jẹjẹrẹ náà ti wọ eegun rẹ̀, tí kò lè nàró mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1938, Alexander Gutman àti Ethel Gutman ní New York ti fi hàn pé èròjà kan tó ń jẹ́ acid phosphatase máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Huggins rí i pé òun ti rí òṣùwọ̀n. Tí èròjà yìí bá ń lọ sókè, jẹjẹrẹ ń gbilẹ̀. Tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, jẹjẹrẹ ń rọlẹ̀.

Ó yọ kóró ẹpọ̀n àwọn aláìsàn náà. Òṣùwọ̀n wálẹ̀. Àwọn tí ìrora kò jẹ́ kí wọ́n sùn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, àwọn kan dìde lórí ibùsùn. Ohun ńlá ni. Ó fi hàn pé a lè fi họ́mọ́ọ̀nù bá jẹjẹrẹ jà, àwọn dókítà sì ń lo ẹ̀kọ́ yẹn títí di òní fún jẹjẹrẹ prostate tó ti tàn kálẹ̀. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ ní ọdún 1966, ó tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ọdún 1941 ní apá kejì. Huggins àti Hodges tún gún àwọn ọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ testosterone láti wò ó bóyá òṣùwọ̀n yóò gòkè. Wọ́n ní ó gòkè. Wọ́n kọ ọ́ pé testosterone máa ń ru jẹjẹrẹ prostate sókè. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìwé ẹ̀kọ́, láti inú ìwé ẹ̀kọ́ ló ti wọ yàrá ìwòsàn, ó sì di òwe láàárín àwọn dókítà pé testosterone fún prostate dà bí epo tí a dà sí iná. Àtọmọdọ́mọ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n fi kọ́. Kò sí ẹni tó ń padà lọ wo ìdí rẹ̀, torí pé ẹni tó sọ ọ́ ti gba Nobel.

Ibí yìí ló ti kan ilé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Lọ́ńdọ̀nù, ti ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó bí mi. Ní ọdún 2009, wọ́n rí kókó kan tó hù sí abẹ́ ọpọlọ wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kókó náà kúrò, ẹ̀mí wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara bíńtín tó wà níbẹ̀, tó máa ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣe testosterone, ti bàjẹ́. Ọkùnrin tó máa ń gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká kò lè gun òkè ilé mọ́. Irùngbọ̀n wọn ń já. Àyẹ̀wò fi hàn pé eegun wọn ń fẹ́lẹ́. Ìyàwó wọn sọ fún màmá mi pé wọ́n máa ń sunkún láìsí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe fún wọn.

Oògùn wà. Testosterone ni. Àmọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi wọ́n bóyá jẹjẹrẹ prostate wà nínú ẹbí. Wọ́n sọ òótọ́. Bàbá bàbá mi kú ní Ọ̀ṣogbo ní ọdún 1998. Ẹ̀yìn dídùn ni gbogbo ilé pè é, òrí ni wọ́n ń fi pa á, ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú ni ilé ìwòsàn ńlá tó sọ pé jẹjẹrẹ prostate ti wọ eegun wọn. Bí dókítà Lọ́ńdọ̀nù náà ṣe gbọ́ èyí, ó pa fáìlì dé. Kò sí testosterone fún wọn. Fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Dádì Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ ọ́ báyìí pé, "Wọ́n ní epo ni oògùn náà, pé èmi gan-an ni iná."

Ní ọdún 2011, dókítà mìíràn gbà wọ́n. Kò kàn fún wọn lábẹ́rẹ́. Ó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ PSA, ó fi ìka yẹ prostate wọn wò, ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, ìkan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 síra wọn, ó sì kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sílẹ̀ fún wọn bí ìgbà tí èèyàn ń kọ ọjọ́ ọjà. Nígbà tí wọ́n wálé fún Kérésì, mo bi wọ́n pé, "Dádì, ṣebí orí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, kí ló wá kan prostate?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń ka sáyẹ́ǹsì. Lọ wádìí ẹ̀, kó o wá sọ fún mi." Ìwádìí náà ló di àròkọ yìí.

Ọkùnrin tó padà lọ wo ìdí ọ̀rọ̀ náà ni Abraham Morgentaler, dókítà kan ní Boston. Òun náà ti kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ pé epo àti iná ni. Ó ń fún àwọn ọkùnrin tí testosterone wọn kéré ní oògùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé ìṣègùn ní Harvard, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, ó sì ṣí ìròyìn ọdún 1941 gan-an. Ohun tó rí níbẹ̀ ló kọ jáde ní ọdún 2006. Àwọn mẹ́ta ni Huggins ní àwọn gún ní testosterone. Àwọn méjì péré ni wọ́n kọ èsì wọn sílẹ̀. Nínú àwọn méjì yìí, wọ́n ti yọ kóró ẹpọ̀n ẹnì kan tẹ́lẹ̀, torí náà kò ṣe é fi wé ọkùnrin tí ara rẹ̀ pé. Ó ku ẹnì kan. Ìlà tirẹ̀ lórí bébà sì ń lọ sókè sódò láìsí ìlànà kan tó dájú.

Ọkùnrin kan ṣoṣo. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí.

Ó yẹ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó bẹ̀rù, nítorí pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe òfìfo. Ní ọdún 1981, Fowler àti Whitmore ní New York gbé ìròyìn àwọn ọkùnrin 52 jáde, àwọn tí jẹjẹrẹ prostate wọn ti tàn kálẹ̀ tí wọ́n sì gún ní testosterone. Nǹkan burú fún 45 nínú wọn, púpọ̀ láàárín oṣù kan. Ẹni tó bá ka èyí ló mọ ìdí tí dókítà fi lè pa fáìlì dé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 52 yìí, 48 ni wọ́n ti yọ kóró ẹpọ̀n wọn tàbí tí wọ́n ti fi oògùn pa testosterone ara wọn tẹ́lẹ̀. Ara wọn ti gbẹ kí wọ́n tó gún wọn.

Gààrí ni mo fi yé ara mi. Tí o bá da omi díẹ̀ sórí gààrí gbígbẹ, kíákíá ló máa fà á mu, tí á sì wú. Tí o bá tún fi omi sí i, á tún wú díẹ̀. Àmọ́ ó níbi tí gààrí ń wú dé. Nígbà tó bá ti mu ìwọ̀n tó lè mu, bí o bá gbé odò Ọ̀ṣun wá, omi á kàn léfòó lórí rẹ̀ ni. Ọkùnrin tí testosterone rẹ̀ ti tán pátápátá dà bíi gààrí gbígbẹ: èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé, prostate á gbà á tìlù-tìfọn, bí jẹjẹrẹ bá sì wà níbẹ̀, òun náà á pín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí testosterone rẹ̀ tó díẹ̀, prostate rẹ̀ ti mu tirẹ̀ yó. Àfikún kò rí ibi wọ̀. Morgentaler àti Abdulmaged Traish ló ṣàlàyé èrò yìí ní kíkún ní ọdún 2009, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gààrí ni wọ́n fi ṣe é.

Àwọn ẹ̀rí mìíràn ti wà ṣáájú. Ní ọdún 2006, Leonard Marks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọkùnrin 44 tí testosterone wọn kéré, wọ́n fún àwọn kan ní testosterone fún oṣù mẹ́fà, wọ́n fún àwọn yòókù ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà ni wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ lára prostate wọn wò. Testosterone inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, èyí tó wà nínú prostate kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ pa ìwádìí 18 pọ̀, ọkùnrin 3,886 tó ní jẹjẹrẹ prostate àti 6,438 tí kò ní. Iye testosterone tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi ẹni tí jẹjẹrẹ mú hàn yàtọ̀ sí ẹni tí kò mú.

Tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ Dádì Lọ́ńdọ̀nù? Ìbéèrè tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Ìdí kan ni pé testosterone tó kéré lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. PSA jẹ́ èròjà purotéènì tí prostate ń ṣe, tí díẹ̀ lára rẹ̀ ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, testosterone ló sì ń ti prostate láti ṣe é. Ẹni tí testosterone rẹ̀ kò tó, PSA rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ kí àlàáfíà má sì sí níbẹ̀. Ní ọdún 1996, Morgentaler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé díẹ̀ wò lára prostate ọkùnrin 77 tí testosterone wọn kéré. PSA wọn dára, dókítà kò fi ìka rí kókó kankan. Síbẹ̀, 11 nínú wọn ló ní jẹjẹrẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní testosterone, ó dà bí ìgbà tí a tan iná sínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè wá fara hàn, ó sì yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń wò.

PSA náà ní ìtàn tirẹ̀. Richard Ablin ròyìn èròjà kan tó jẹ́ ti prostate nìkan ní ọdún 1970. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ tí Ming Chu ń darí ní ìlú Buffalo yọ PSA jáde nínú prostate ní mímọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún 1986 fún ṣíṣọ́ àwọn tí jẹjẹrẹ ti mú, ní ọdún 1994 ó sì fọwọ́ sí i fún wíwá jẹjẹrẹ pẹ̀lú àyẹ̀wò ìka. 4 nanogram nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan di ààlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kì í ṣe ààlà tó dá bí ọ̀bẹ. Prostate tó wú lásán lè gbé PSA ga, àkóràn inú ìtọ̀ náà lè gbé e ga. Ablin fúnra rẹ̀ bínú sí bí wọ́n ṣe ń yẹ gbogbo ọkùnrin wò láìyàn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 2010, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọn kò nílò, tí ìtọ̀ sì ń dá lára wọn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ìlànà tó wà fún àwọn tó ń gba testosterone dá lórí bí nọ́ńbà ṣe ń rìn ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ́ọ̀nù ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ PSA wò kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un wò láàárín oṣù 3 sí 12 lẹ́yìn náà. Bí PSA bá fi ohun tó ju 1.4 lọ gòkè láàárín ọdún àkọ́kọ́, tàbí tó kọjá 4 tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìka dókítà bá kan ibi tó le, oníṣègùn prostate ló kàn. Wọ́n tún ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, nítorí pé testosterone máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ki, èyí sì léwu láàyè tirẹ̀. Ní ti àyẹ̀wò ìka, dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi ìka kan gba ihò ìdí kan prostate láti ẹ̀yìn. Kì í tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn bàbá wa máa ń sá fún un, mo sì rò pé ìtìjú yẹn ti pa àwọn kan.

Dádì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí n wo ìwé tiwọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, PSA wọn jẹ́ 0.6. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó di 1.3. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn yí ká 1.4, ọdún lé ọdún. Gààrí ti mu omi yó. Àfi ní ọdún 2017, nígbà tó ṣàdédé di 3.2. Wọ́n sọ fún mi pé wọn kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ bàbá wọn ló ń wá sí wọn lọ́kàn, òórùn òrí inú yàrá yẹn. Dókítà yẹ ìtọ̀ wọn wò, ó rí àkóràn, ó tọ́jú rẹ̀, ó tún fa ẹ̀jẹ̀. 1.5. Ká ní kò sí nọ́ńbà àwọn ọdún tó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá má mọ ibi tí 3.2 ti wá.

Ìwádìí tó tóbi jù lọ jáde ní ọdún 2023. TRAVERSE ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọkùnrin tó lé ní 5,000, ẹni ọdún 45 sí 80, ni wọ́n fún ní ìpara testosterone tàbí ìpara tí kò ní oògùn nínú. Nínú àwọn tó gba testosterone, tí wọ́n jẹ́ 2,596, 5 ló ní jẹjẹrẹ prostate tó le. Nínú 2,602 tó gba ìpara lásán, 3 ni. Ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé kò ṣeé gbé ìdájọ́ lé. Inú mi dùn nígbà tí mo ka á. Lẹ́yìn náà ni mo ka ọ̀rọ̀ tó kù: wọn kò jẹ́ kí ẹni tí PSA rẹ̀ ju 3 lọ wọ ìwádìí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù 33 ní ìpíndọ́gba. Jẹjẹrẹ prostate lè fi ọdún mẹ́wàá rákò kó tó dìde. Àlàáfíà tí TRAVERSE ròyìn rẹ̀, àlàáfíà àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwa gan-an ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú ìlànà ọdún 2018 tí mo sọ, bí PSA ọkùnrin bá ju 4 lọ, a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ testosterone kí oníṣègùn prostate tó rí i. Ṣùgbọ́n fún ọkùnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, àti fún ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ náà, 3 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ní Britain, nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin, ẹnì kan ni jẹjẹrẹ prostate máa mú lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Láàárín gbogbo ọkùnrin, ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni. Ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọkùnrin, ọ̀pọ̀ sì ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ó ti wọ eegun, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláìsàn Huggins ní ọdún 1941. Ọ̀jọ̀gbọ́n Folakẹmi Odedina, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Mayo Clinic ní Florida, ló dá àjọṣe ìwádìí kan sílẹ̀ tó so àwọn onímọ̀ Nàìjíríà, Amẹ́ríkà, Britain àti erékùṣù Caribbean pọ̀ lórí jẹjẹrẹ yìí láàárín àwọn ọkùnrin dúdú. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló lè sọ fún wa bóyá 3 yẹn tọ́ sí wa.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, nígbà tí mo ń kọ àròkọ yìí lọ́wọ́, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa ti ń gbé irin. Mo bi ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ testosterone. Kò béèrè ọjọ́ orí mi. Kò béèrè ìwé dókítà, kò sì béèrè ohun tó pa bàbá bàbá mi. Ó nawọ́ sí orí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mú páálí kékeré kan wálẹ̀, ó ní, "Mélòó lo fẹ́?"